Ọ̀gá mi ní ká padà sí ọ́fíìsì l'Ékòó: èrè wo ni òun gan-an ń jẹ bí mo bá ń ṣiṣẹ́ láti Àkúrẹ́?

Àdùkẹ́ Ọ̀dà Road

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Òǹdó. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì wọn níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá mo padà sílé, láti Ọ̀dà Road níbí ni mo sì ti ń ṣe é báyìí. Ìpè àwọn oníbàárà ni mò ń gbé, mo ń dá ímeèlì wọn lóhùn, mo sì ń kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀ fún àwọn tó máa yanjú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá wa kọ̀wé sí gbogbo wa pé ká máa múra àtiwá sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Ó ní ẹni tó bá ní àlàyé, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

Èrè tèmi nínú iṣẹ́ rìmóòtù yìí, mo mọ̀ ọ́n dunjú. Ìyá mi ń bẹ lọ́dọ̀ mi, ara wọn ò sì le. Owó ilé l'Ékòó kò ṣe é gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó gbogbo ìyẹn sínú lẹ́tà, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa rò pé mò ń bẹ̀. Èrè tí ọ̀gá gan-an ń jẹ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Kí ni mo lè kọ tí ẹni tó ń san owó oṣù máa kà, tó sì máa mọ̀ pé òótọ́ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ gba èèyàn síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀

Àdùkẹ́, ó dára bí o ṣe bi í yìí. Èmi náà gba èèyàn síṣẹ́. Ìṣirò owó la máa ń ṣe fún àwọn oníṣòwò àtàwọn ilé ìwé aládàáni. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa ní Ìjàpọ̀, àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì wà káàkiri: Òǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́. Nítorí náà, láti inú àpò mi ni mo ti máa dá ọ lóhùn.

Owó ọ́fíìsì ni gbogbo ayé kọ́kọ́ máa ń kà, kò sì burú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé ọ́fíìsì ró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí ojú ẹ̀ ń rí. Fi owó ilé kún un, ti ọlọ́dẹ, ti omi, ti ẹni tó ń gbálẹ̀. Àmọ́ kò sí ọ̀gá tí kò mọ èyí. Má jẹ́ kó gbà ju ìlà kan lọ nínú lẹ́tà rẹ.

Ibi tí owó ti ń jò jù ni ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kọ èyí sínú ìwé ìṣirò, torí kò sẹ́ni tó máa mú rìsíìtì ẹ̀ wá fún wọn. Obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ láti Ìkàrẹ́, ó mọ ilé ìwé tó máa ń pẹ́ san owó tísà, ó mọ onílé-ìwé tó ń da owó ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé ìwé, ó mọ oníṣòwò tí ìwé báńkì ẹ̀ kì í pé. Bí mo bá ní dandan kó máa wá sí Àkúrẹ́ lójoojúmọ́, á lọ ni. Ọkọ àti ọmọ ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Mo máa polówó iṣẹ́, mo máa jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo máa san owó oṣù fún ẹni tuntun tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé àǹtí tó ń bá wa ṣe é tẹ́lẹ̀ dà? Ìmọ̀ tó bá ẹni yẹn lọ, kò sí ọjà tí mo ti lè rà á.

Ohun kan tún wà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ nìkan ni mo lè gbà, ǹ bá má ti rí obìnrin yìí rárá. Ọ̀gá rẹ náà, ọwọ́ ẹ̀ ti tẹ òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́ ní ìlú tí àwọn báńkì ńlá Èkó kò ti lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Tísà Ọ̀bánlá

Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ohun tí ẹ sọ nípa kí òṣìṣẹ́ máa fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rí wà fún un, iṣẹ́ tí Àdùkẹ́ sì ń ṣe gan-an ni wọ́n fi dán an wò.

Iléeṣẹ́ kan wà ní Ṣáínà tó ń báni ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó sì ń báni gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ctrip ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ilé wọ́n gan-an ní Shanghai, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń gbé ìpè lè máa gbé e látilé. Ní ìparí 2010 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá wọn ṣètò ìdánwò. Wọ́n béèrè ẹni tó bá wù. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kó ní yàrá tó máa dá lò fún iṣẹ́, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì dára nílé ẹ̀. Lára àwọn tó wù, ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi pín wọn: apá kan ń ṣiṣẹ́ nílé ní ọjọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, apá kejì dúró sí ọ́fíìsì. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wò ó.

Iṣẹ́ àwọn ará ilé fi 13% ju ti àwọn ará ọ́fíìsì lọ. Ẹ wo ibi tó ti wá. Ìpín 9 nínú 13 yẹn jẹ́ nítorí pé wọ́n ń lo àkókò púpọ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́: ìsinmi àárín iṣẹ́ dín kù, ọjọ́ àìsàn náà dín kù. Ìpín 4 yòókù, ibi tí wọ́n wà ló dákẹ́ rọ́rọ́, ìpè tí wọ́n ń gbé láàárín ìṣẹ́jú kan wá pọ̀ sí i. Iye àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ sì já sí ìdajì. Nígbà tí iléeṣẹ́ ṣírò gbogbo ẹ̀, èrè tó wọlé lórí òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 2,000 lọ́dún. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde.

Bí ọ̀gá yín bá ní ti Ṣáínà ti pẹ́, òmíràn wà. Iléeṣẹ́ kan náà, Trip.com ló ń jẹ́ báyìí, tún dán an wò pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 1,612, àwọn ẹlẹ́rọ, àwọn onítajà àtàwọn oníṣirò owó. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń wà nílé. Nature, ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ti ń tẹ àbájáde ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ló gbé e jáde ní 2024: fífi iṣẹ́ sílẹ̀ dín kù pẹ̀lú ìdámẹ́ta, kò sì sí ìyàtọ̀ nínú bí iṣẹ́ ṣe ń lọ tàbí nínú ìgbéga fún odindi ọdún méjì tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn máníjà ibẹ̀ kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé á ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí ojú wọn rí i, èrò wọn yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kòrónà bí àwọn kan ṣe ń rò. Láti 1973 ni Jack Nilles ti ń ṣèwádìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé kí iṣẹ́ máa lọ bá òṣìṣẹ́ dípò kí òṣìṣẹ́ máa há sójú ọ̀nà nítorí iṣẹ́.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èmi náà ṣiṣẹ́ látilé, èmi fúnra mi ni mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n padà sí ọ́fíìsì. Yàrá kan ni mò ń gbé. Ibi tí mo sùn sí náà ni tábìlì wà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun. Mo lè jí di alẹ́ kí n má bá ẹni ẹlẹ́ran-ara kankan sọ̀rọ̀ àfi ojú kọ̀ǹpútà. Ara ò gbà á.

Mo sì jẹ́ ẹni tuntun nígbà yẹn. Nínú ọ́fíìsì, ẹ̀gbọ́n kan lè máa bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìwọ á kàn máa gbọ́ bó ṣe ń rọ ohùn ẹ̀, bó ṣe ń jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán kó tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí èèyàn lórí WhatsApp. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, ẹ má kàn sọ fún un pé rìmóòtù dára ká sì parí ẹ̀ síbẹ̀.

Tísà Ọ̀bánlá

Ọmọ Ìdànrè, òótọ́ lo sọ, ìwádìí Ctrip náà sì gbè ọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí ìdánwò parí tí wọ́n ní kí kálukú yan èyí tó wù ú, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ti wà nílé ló ní àwọn fẹ́ padà sí ọ́fíìsì. Ìdánìkanwà ni púpọ̀ nínú wọn sọ. Bí a bá sì fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe wé ìgbéga tí wọ́n rí, àwọn ará ilé kò rí tó bó ṣe yẹ, torí ojú kò rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: lẹ́yìn tí kálukú ti yan tiẹ̀, èrè 13% yẹn gòkè dé 22%. Èyí ló yẹ kí ọ̀gá mú lọ sílé. Kí ó má fi tipá lé èèyàn sílé, kí ó má sì fi tipá lé èèyàn jáde. Kí ó jẹ́ kí wọ́n yàn.

Àdùkẹ́ Ọ̀dà Road

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni, ó ń yé mi sí i. Ìbéèrè kan kù. Mo mọ ohun tí ọ̀gá mi máa kọ́kọ́ sọ: "Bí mi ò bá rí yín, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́?" Bàbá Ìbejì, báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ̀?

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ìbẹ̀rù ẹ̀ kò burú o, owó ẹ̀ ló ń ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo yín wà ní Ìkẹjà, kí ló fi ń mọ̀? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ lè máa wo bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ àrójúṣe, ọ́fíìsì ló ti pọ̀ jù, torí ọ́fíìsì ni ojú wà.

Ohun tí à ń ṣe lọ́dọ̀ wa nìyí. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kálukú á kọ ìlà mẹ́ta sínú gúrúùpù wa: ohun tí mo parí lánàá, ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí, ohun tó ń dí mi lọ́wọ́. Ìlà kẹta yẹn ló wúlò fún mi jù. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé "ilé ìwé báyìí kò tíì fi ìwé báńkì oṣù tó kọjá ránṣẹ́," mo ti pe onílé-ìwé kí aago mẹ́wàá tó lù. Nígbà tí gbogbo wa ṣì ń jókòó pọ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀, torí ojú ń ti kálukú láti wá kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Iṣẹ́ tìrẹ rọrùn láti wọ̀n ju tèmi lọ. Iye ìpè tí o gbé, bí oníbàárà ṣe pẹ́ tó kí o tó dá a lóhùn, iye ẹjọ́ tó yanjú tí oníbàárà kò tún pè padà lórí ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà wọn tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti ìkẹyìn, torí èèyàn lè sáré gbé ìpè púpọ̀ kó má yanjú ọ̀kankan.

Bó bá sì ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín sí i, fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ti eku kọ̀ǹpútà síbí sọ́hùn-ún kó lè dà bíi pé wọ́n ń ṣe nǹkan. Wọ́n gbé àrójúṣe láti ọ́fíìsì wá sílé nìyẹn.

Ìyá Bọ́lú, Òǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ ti sọ ti ọ̀gá, ẹ ti sọ ti òṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tó tíì sọ ti àwọn ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bà jẹ́ mọ́ àwa obìnrin lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá ti rí ọ nílé lọ́sàn-án, o ò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Aládùúgbò á ní bá mi gba gáàsì tí wọ́n ń gbé bọ̀. Ìyàwó ilé á fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Àlejò á dé, wọ́n á ní o wà nílé, kí o wá kí wọn. Èmi lọ bá ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ní: "Ìyá, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, ẹ bá mi kà á sí pé mo wà ní Àkúrẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn yé wọn ju gbogbo àlàyé íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Láti ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń dá àlejò dúró sí pálọ̀. Mo tún máa ń so gèlè pupa mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn bí mo bá wà lórí ìpè. Bọ́lú tí kò tíì mọ̀wé mọ̀ pé bí gèlè bá wà níbẹ̀, a kì í kanlẹ̀kùn.

Èrè ẹ̀ fún mi pọ̀. Tẹ́lẹ̀, Àkúrẹ́ ni mò ń lọ tí mo ń bọ̀ lójoojúmọ́, ìrìn bíi kìlómítà 50 ní àlọ nìkan. Owó ọkọ̀ yẹn ti di owó ilé ìwé. Ọmú tí Bọ́lú mu, ó mu ún tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, èyí tí wàá fi sọ ti ọ̀gá rẹ nìyí: bí ibà bá mú ọmọ, mi ò kì í gba odindi ọjọ́ kan mọ́. Àárọ̀ ni mo máa gbé e lọ sí ọsibítù, bó bá di ọ̀sán mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ àìsàn tó dín kù tí Tísà sọ lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ sì máa pa kọ̀ǹpútà dé bí àkókò bá tó, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ tó wà nínú ilé kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Bí ẹ bá ń dá ímeèlì lóhùn ní aago mọ́kànlá alẹ́, ọ̀gá á rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kóòdù Aúlẹ̀

Ìyá Bọ́lú, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ti gèlè pupa yẹn, mo máa lò ó.

Èmi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ kan ní Jámánì, láti Aúlẹ̀ níbí. Èrè kan wà tí a kì í sábà kà: aago wa. Ní ìgbà òtútù tiwọn, aago kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú Jámánì. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí dé èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wákàtí kan péré ni wọ́n fi ń ṣíwájú wa. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni òdìkejì: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni aago wa máa ń dọ́gba, ní ìgbà òtútù wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lè bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ ro ó dáadáa: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní New York, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ yín á wọ òru.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ má gbára lé ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, àwọn kan nílẹ̀ wa ò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, àwọn mìíràn rí i. Ẹni tó ní síìmù iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wá ọgbọ́n dá. Bí ìpàdé bá pọ̀, ẹ máa pa kámẹ́rà. Wákàtí kan ìpàdé alámóhùnmáwòrán lè jẹ gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohùn nìkan kì í sábà jẹ tó ọgọ́rùn-ún mégábáìtì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Ọ̀dọ́ tó bá ń gbélé tó sì ń rówó ná, oníjìbìtì làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń pè é. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín àti káàdì ìdánimọ̀ iléeṣẹ́ wà nínú báàgì kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí onílé yín mọ orúkọ ibi tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tiwa ní orúkọ, kò yẹ ká máa ṣe é bí ẹni tó ń sá.

Àdùkẹ́ Ọ̀dà Road

Ẹ wò ó, mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Òyìnbó ni máa fi kọ ọ́, èrò ẹ̀ ni mo kọ sí Yorùbá yìí:

"Ọ̀gá, mo dúpẹ́ pé ẹ fún wa láyè láti sọ tẹnu wa. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ lọ láti Àkúrẹ́, nítorí pé èmi ni mò ń tọ́jú ìyá mi. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé máa ń ṣe dáadáa..."

Bàbá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ọmọ mi, gbé ìyá wa kúrò níbẹ̀ yẹn. Wọ́n lè wà nínú ìlà tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣíwájú. Ìwádìí Ṣáínà náà, ìlà kan tó fún un. Nọ́ńbà tìrẹ ni kó kọ́kọ́ rí. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ọ̀gá, iye ìpè tí mo gbé lóṣù àti iye ẹjọ́ tó yanjú nígbà tí mo wà ní Ìkẹjà nìyí, ti ìgbà tí mo ti wà ní Àkúrẹ́ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo dábàá pé kí ẹ fi oṣù mẹ́ta sí i wò mí. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa wá sí Ìkẹjà fún ọjọ́ méjì, kí n lè jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n bá ń gbé ìpè. Mo ní iná àti síìmù méjì. Bí nọ́ńbà mi bá lọ sílẹ̀, ẹ pè mí padà, mo máa wá."

Ọjọ́ méjì yẹn, ohun tí Ọmọ Ìdànrè sọ ló bí i. Ọ̀gá tó gbọ́n máa rí i pé ìwọ náà ń ro ti iléeṣẹ́. Má sì kọ nọ́ńbà tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà wọn. Bí nọ́ńbà rẹ kò bá dára ní oṣù kan, kọ ọ́ bó ṣe rí, kí o sọ ìdí ẹ̀.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Bó bá gbà, Àdùkẹ́, má jẹ́ kó parí sí orí WhatsApp. Gbà á sínú ìwé. Kí ìwé náà sọ aago iṣẹ́, ẹni tó ń san owó dátà àti ti iná, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá bà jẹ́.

Ẹ kíyè sí àwọn tó bá ní kí ẹ kúrò ní òṣìṣẹ́ kí ẹ di "kọ́ńtírátọ̀" nítorí pé ẹ wà nílé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ máa fi 10% owó oṣù sí àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fi 8%. Ẹni tó bá di kọ́ńtírátọ̀, ìpín 10 yẹn lọ nìyẹn. Bí wọn ò bá fi kún owó yín, ẹ ti pàdánù, bó ti wù kí orúkọ iṣẹ́ náà dùn tó.

Ti owó orí, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí owó oṣù ẹ̀. Ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ tó ń bá Èkó ṣiṣẹ́, Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló yẹ kí owó orí ẹ̀ wọ̀. Èrè ni èyí fún ìlú wa, ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ mọ̀ kí wọ́n má san án síbi tí kò yẹ. Ẹ̀yin tí Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ń san owó fún, owó yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ owó orí o. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026 ní kí N800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ fún owó orí lọ́dún lọ lófẹ̀ẹ́, èyí tó bá lé ni wọ́n ń san lé lórí.

Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà ló wà lọ́wọ́ rẹ, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 kàn ọ́. Má gbé ìpè wọn níbi tí aládùúgbò ti lè gbọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ọ lo kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Fi èyí náà sínú lẹ́tà. Ó máa ń fọkàn ọ̀gá balẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bá-Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ rìmóòtù ni. Iná wa kò dúró. Sólà wo ló máa tó fún kọ̀ǹpútà kan? Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ń pe owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọ̀kadà.

Sólà Òkè Àró

Àbúrò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ti odindi ilé fún yín bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ fẹ́ ṣe. Láptọ́ọ̀pù kì í sábà jẹ ju wáàtì 65 lọ. Ráútà bíi 12. Gílóòbù LED kan, 10. Ẹ pè é ní 90. Ní wákàtí mẹ́jọ, 720 wáàtì-wákàtí nìyẹn. Bátìrì olómi 12V tó jẹ́ 200Ah (ẹ sọ 12 di ìlọ́po 200) ní 2,400 lórí ìwé, àmọ́ ìdajì péré ló yẹ kí ẹ máa lò kó tó pẹ́, 1,200. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Bí ẹ bá fi fáànù kún un, ó di pé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó. Fíríìjì, ẹ má dán an wò rárá. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù gbówó ju olómi lọ, ṣùgbọ́n ẹ lè lo púpọ̀ nínú agbára ẹ̀ láìba á jẹ́, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa.

Ti páńẹ́ẹ̀lì, ẹ má fi oòrùn oṣù Kejì ṣe ìṣirò. Àkúrẹ́ la wà, bí òjò bá ti ń le láti oṣù Kẹfà, ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dé alẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì kan máa gbé e lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí òjò, ẹ fi méjì sí i. Kí ẹni tó máa so ó gun òrùlé yín wò ó kó tó pe owó, bí igi máńgòrò aládùúgbò bá ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kò ní ran yín lọ́wọ́.

Ọmọ Ọ̀bá-Ilé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bí mi ò bá tíì lówó ẹ̀ ńkọ́?

Kóòdù Aúlẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ráútà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀, ó lè gbé yín fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ráútà kò ní, bí iná bá ti lọ ó ti kú, àárín ìpàdé ló sì máa ń ṣe é. UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé iná dúró bí NEPA bá mú un) wà tí wọ́n ń tà fún ráútà nìkan, owó ẹ̀ kò ga. Kí ẹ tó rà á, ẹ yẹ ara ṣájà ráútà yín wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i: àwọn kan jẹ́ 12V, àwọn kan 9V, àwọn mìíràn 5V. Èyí tó bá bá a mu ni kí ẹ rà, torí bí ẹ bá ki 12V bọ ti 5V, ráútà náà lè jóná.